Ẹní Bàbá Kékeré àti Ilẹ̀ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdènà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹní kan wà lórí àjà ilé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ́. Wọ́n ká a, wọ́n fi ìko dì í lọ́nà mẹ́ta, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, èéfín ààrò sì ti pa á dà títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí eku bá sáré gba orí àjà kọjá lálẹ́, ìyá àgbà á gbójú sókè, á ní "ẹ rọra o, ọkọ mi ń sùn." Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ẹnì kan wà lókè yẹn lóòótọ́. Ìgbà tí mo wọ lékọ́ọ̀lù ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé ẹní Bàbá Kékeré ni, àbúrò bàbá tó bí màmá mi, ìyá àgbà ń pè é ní ọkọ nítorí ìyàwó ilé ló jẹ́, àbúrò ọkọ náà ọkọ ni. Àwọn Faransé mú un lọ sógun ní 1939. Kò padà wálé, lẹ́tà kankan ò dé, ẹnikẹ́ni ò sì mú irun tàbí èékánná rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó bá kú sájò, tí ọ̀nà jìn, tí wọn ò lè gbé òkú rẹ̀, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sin ín sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀ bí ẹni sin odidi èèyàn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, kódà bó jẹ́ èékánná ló máa délé. Ṣùgbọ́n ẹni tí irun rẹ̀ ò sí, tí èékánná rẹ̀ ò sí, tí kò sí ẹnì kan tó dúró lójúde pé "mo wà níbẹ̀, mo rí i," kí lẹ fẹ́ sin? Ìdí tí ẹní yẹn fi wà lókè nìyẹn. Wọn ò sin ín, wọn ò sì kà á mọ́ àwọn alààyè. Bí iṣu tuntun bá jáde, ìyá àgbà á bu díẹ̀ sínú abọ́, á gbé e sábẹ́ àjà, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn gbé e síbẹ̀, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ kan tó ń lọ láàárín àwa ọmọ Kétu. Àwọn àgbà kan nílé àti àwọn èèyàn wa kan lókè òkun ń sọ pé ká ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà Ìdènà, ká sọ ọ́ di itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun, ti àwọn àǹsíẹ́n kọ̀ńbátáǹ tó jà fún Faransé, ti àwọn sójà tiwa lónìí, kí wọ́n jọ wà lójú kan. Ohùn ti pọ̀ lórí ẹ̀ gan-an, lórí WhatsApp ni, nídìí ayò ni, lẹ́yìn Jímọ̀ ni, lẹ́yìn Máàsì ni. Àwọn kan ń bínú. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, Ìdènà ni ẹnubodè ìlú látijọ́. Ògiri alámọ̀ ló yí Kétu ká nígbà náà, yàrà jíjìn wà lẹ́yìn ògiri, Ìdènà sì ni wọ́n ń gbà wọlé. Ògiri ti wó níbi tó pọ̀ jù, àmọ́ Ìdènà ṣì dúró, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ sì ní ètò tiwọn tí mi ò ní tú síta níbí. Ní 1883, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kétu ò sí nílé, ogun Dàhọ̀mì já wọ ìlú, wọ́n sì pa Alákétu Òjékù. Ní 1886 wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi mú àwọn tó wà nínú ògiri, wọ́n ní kí àwọn ìjòyè jáde wá ká sọ̀rọ̀ àlàáfíà, ìgbà tí wọ́n jáde wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì sun ìlú. Àwọn tí wọn ò pa, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó rí ọ̀nà padà wálé ní 1894, wọ́n fi Alákétu jẹ, wọ́n tún ilé kọ́ lórí eérú.

Ẹ fojú inú wo àwọn tó kú lórí ògiri yẹn. Àwọn tí ì bá sin wọ́n wà nínú okùn lójú ọ̀nà Àgbómẹ̀. Fún ọdún mẹ́jọ, òjò ló sin wọ́n. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé a fẹ́ gbé itẹ́ òkú wá sí Ìdènà, mo máa ń sọ pé kò sí nǹkan tí a ń gbé wá, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú bàbá bàbá wa. A kàn ń rìn lórí ẹ̀ ni.

Ogún ọdún péré lẹ́yìn tí Faransé dá àwọn èèyàn wa padà sílé, wọ́n tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí ọmọ ni wọ́n wá kó. 1914. Iye tí wọ́n kó jákèjádò àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà ogun yẹn tó bíi 200,000, àwọn tó kú nínú wọn tó bíi 30,000. Tirailleurs sénégalais, àwọn ayìnbọn Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ń pè wọ́n lápapọ̀, ì báà ṣe ọmọ Kétu, ì báà ṣe ọmọ Bàríbá, ì báà ṣe Mósì. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni gbogbo wa. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, orúkọ ìlú.

Èyí tí mo mọ̀ dáadáa nínú àwọn sójà ni Bàbá Sójà, ẹ̀gbọ́n màmá mi, òun lọ sí Àlùjíríà. Ní gbogbo ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, á jí kí oòrùn tó yọ, á gbé agolo Nido rẹ̀ sílẹ̀, á kó àwọn mẹ́dáyì inú ẹ̀ jáde, á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n. Èmi ni mo máa ń di igun aṣọ mú fún un tó bá ń nù wọ́n. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti idẹ ṣì ń ta sí mi nímú báyìí. Á wọ kákì ẹ̀ tí kókósẹ̀ rẹ̀ ti hàn lábẹ́ ẹ̀, á jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á dúró lórí ìlà, wọn ò ní mira. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá a lọ, méje ni wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n di mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, òun nìkan ló ń dúró lórí ìlà, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé Bàbá, ta lẹ ń dúró fún? Ó ní, "Àwọn tí a fi sílẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó páńsọ̀n wọn ò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ní òpin 1959 Faransé ṣòfin kan tó di owó àwọn sójà ilẹ̀ tó ń gba òmìnira mọ́ ojú kan, kò ní gòkè mọ́, tí ti àwọn tí wọ́n jọ sùn sínú kòtò kan náà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Faransé, sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, 2007 ti dé, ìgbà tó máa fi dọ́gba pátápátá, ó ti di 2011. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín ẹ̀. Bàbá Sójà gba owó tó péye fún ọdún mẹ́ta, ó kú ní 2014.

Kó tó kú, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Ẹ má gbé mi lọ sí sìmẹtíẹ̀ o. Yàrá mi ni kí ẹ sin mí sí." Yàrá rẹ̀ la sin ín sí. Títí di òní, bí ẹ bá wọ ilé wa, ẹ máa tẹ ojú oórì rẹ̀ kọjá kí ẹ tó dé ibi tí àmù omi wà, àwọn ọmọdé máa ń jókòó síbẹ̀ ṣe iṣẹ́ lékọ́ọ̀lù wọn nítorí ibẹ̀ tutù. Kò sí ibi tó dáa ju ìyẹn lọ fún àgbà, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Nítorí náà nígbà tí àwọn kan ń pariwo pé òyìnbó ló ń sin òkú sí ìta, pé ẹni tí kò nílé ni wọ́n ń gbé lọ sí itẹ́ òkú, mi ò bá wọn jà. Wọ́n ń sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nílé wà nílé. Kí ẹnikẹ́ni má lọ hú Bàbá Sójà.

Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi ni fídíò kan tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Lyon, ní Faransé, ló ń gbé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Chasselay, kò jìnnà sí Lyon, ó sì ṣàdédé pè mí, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn yí fóònù síwájú. Mo rí ògiri pupa. Ògiri pupa bí amọ̀ ilé wa, orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó, igi tò lára ẹ̀, ilẹ̀kùn igi ńlá kan wà lẹ́nu ẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ojú mẹ́jọ sí lára bí ojú agọ̀, láàárín oko àwọn Faransé, òfuurufú dúdú lókè. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ìdènà rèé."

Tata ni wọ́n ń pè é, tata sénégalais. Tata ni orúkọ tí àwọn èèyàn apá Mándé ń pe ìlú tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ní oṣù kẹfà 1940, Faransé ti fẹ́ túúbá, Pétain, olórí ìjọba wọn, ti sọ ọ́ lórí rédíò ní ọjọ́ kẹtàdínlógún pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, wọ́n sì ti ní Lyon ò ní jà. Àmọ́ wọ́n fi àwọn tirailleur sí ojú ọ̀nà pé kí wọ́n di àwọn Jámánì lọ́wọ́, wọ́n sì dì wọ́n lọ́wọ́, ní ọjọ́ kọkàndínlógún àti ogúnjọ́. Nígbà tí ọta tán tí wọ́n nawọ́ sókè, àwọn Jámánì ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Wọ́n kó àwọn dúdú lọ sínú pápá, wọ́n yìnbọn lù wọ́n, wọ́n sì fi ọkọ̀ ogun gun orí àwọn tó ń sá. Àwọn tó ń gbé ládùúgbò ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá wọn.

Faransé kan wà, Jean Marchiani lorúkọ ẹ̀, òṣìṣẹ́ ló jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bójú tó àwọn tó lọ sógun. Òun ló ń kiri abúlé sí abúlé, tó ń béèrè pé níbo lẹ sin wọ́n sí, tó ń kó wọn jọ, tó ra ilẹ̀, tó mọ ògiri yẹn. Ilẹ̀ àwọn Jámánì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nígbà yẹn, ẹ rántí, ó ṣì ń ṣe é. Ó ní kí wọ́n bu ilẹ̀ láti Dákà, bààlúù gbé e wá, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kí àwọn òkú lè sùn lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá 1942 ni wọ́n ṣí i. Oórì tirailleur 188 ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú àwọn mélòó kan tó wá láti ibòmíràn.

Ilẹ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún. Òyìnbó kan tí kò gbọ́ èdè wa, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, ó mọ̀ pé bí a ò bá lè gbé òkú lọ bá ilẹ̀ rẹ̀, ká gbé ilẹ̀ wá bá òkú.

Mo sì tún kà á pé ní 1920, lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, Faransé ṣòfin pé ìdílé tó bá fẹ́ gbé òkú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ojú ogun lọ sí abúlé rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba lá san owó ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó wọn lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méjì ó lé ló padà sílé bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbáàgbà wa tó wà ní Kétu, tó ń gbin ẹ̀gúsí, ta ló ka òfin yẹn sí létí?

Nígbà tí àbúrò mi ń bọ̀ nílé lọ́dún 2019, ó mú ìgò jáàmù kan bọ̀ nínú báàgì ẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ méjì wé e. Ilẹ̀ Chasselay ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ, ó ní ẹ̀yìn ògiri lóun ti bù ú kí òun má baà fọwọ́ kan oórì ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sílẹ̀ láàárín palọ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn àgbà wá jókòó lé e lórí. Ọ̀kan ní kò ṣeé ṣe, a ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló kú sí, ó lè jẹ́ ibòmíràn, ẹ fẹ́ sin ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Màmá mi ló dá a lóhùn, màmá mi tí wọ́n bí lẹ́yìn tí Bàbá Kékeré ti lọ, tí kò rí i sójú rí. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe òun, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ ẹ̀ á júwe ilé fún un."

Wọ́n sọ ẹní náà kalẹ̀. Ìko àárín já fúnra ẹ̀ bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án. Wọ́n tú u, díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ewé gbígbẹ, eruku sì ń dà sára aṣọ wa. Mo ti máa ń rò láti kékeré pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Àmọ́ ibi méjì wà lára ẹní tó ti fẹ́lẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé e sókè ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ibi èjìká rẹ̀ ni àti ibi ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń sùn sí. Màmá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi èjìká yẹn, kò sì tètè gbé e kúrò.

Ibi méjì yẹn ni wọ́n da ilẹ̀ sí. Wọ́n ká ẹní padà, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá òkú sọ̀rọ̀: ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá, bó o bá délé ọ̀run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ. Ó tó ọgọ́rin ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lọ́fun ilé wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi sùn fọnfọn, ó ní òun ò rántí ìgbà tí òun ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ní Ìdènà nìyí, ó sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ilẹ̀ yẹn jẹ́ ti àwọn tí a ò rí irun wọn, tí a ò rí èékánná wọn. Ti àwọn nìkan. Àwọn tó wà nínú yàrá, kí wọ́n wà níbẹ̀, ká kàn kọ orúkọ wọn mọ́ ògiri bí ìdílé wọn bá fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù, ká lọ bu ilẹ̀ wọn wá. Àwa tí a wà káàkiri, ọmọ Kétu ò sí níbi tí wọn ò sí: ẹni tó bá wà nítòsí Reims, kó bu ti Reims wá, ti Aisne níbi tí wọ́n ti kó wọn lu ìbọn ní oṣù kẹrin 1917, ti Kamẹrúùnù, ti Fíẹ́tínáàmù, ti Àlùjíríà. Ẹ̀kúnwọ́ kan kan. Kí àwọn àgbà gbà á, kí àwọn Ìmáàmù ṣe tiwọn, kí Fáda ṣe tiẹ̀, kí àwọn onísẹ̀ṣe ṣe tiwọn, a ti ń gbé pọ̀ ní Kétu tipẹ́, èyí ò ní le jù wá lọ. Kí ti 1886 sì wà nínú ẹ̀, láti inú yàrà yẹn gan-an ni ká ti bu tiwọn, kò jìnnà.

Àwọn kan ń béèrè pé ogun ta ni wọ́n jà. Wọ́n ní ẹni tó lọ jà fún ẹni tó kó o lẹ́rú, kí la fẹ́ máa gbé e gẹ̀gẹ̀ fún? Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn èèyàn wa náà béèrè rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ nínú ogun àkọ́kọ́, odidi abúlé ló ń ṣí lóru, wọ́n ń gba inú igbó kọjá sí apá Mẹ̀kọ, sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí Kétu kan náà tí wọ́n fi ààlà pín ní 1889 ni. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ìbọn sí Faransé. Lókè ní Bọ́gù, Bio Guéra jà títí wọ́n fi pa á ní oṣù kejìlá 1916, ère ẹ̀ sì wà ní Kútọnu láti 2022, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo àwọn tó kọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò rí ọ̀nà sá ńkọ́? Bàbá Kékeré ò ní àǹfààní láti yan ogun. Olórí abúlé ní iye tó gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀, láti 1919 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan lọ́dọọdún, wọ́n wo eyín rẹ̀, wọ́n wo àyà rẹ̀, wọ́n ní ó dáa, ó lọ. Ṣé torí pé wọ́n fipá mú un ni a ò fi ní sin ín? Èèyàn wa ni kó tó di sójà wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ Ìdènà gan-an nìyẹn, kó má jẹ́ ìdí ọ̀pá àsíá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni ti sìmẹ́ńtì. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wọ̀nyí níbòmíràn: wọ́n á ya àwòrán ńlá kan, géètì onírin, fáúńténì, ère sójà tó gbé ìbọn, owó á tán lórí ère, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ewúrẹ́ á máa jẹko níbẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ ẹyọ kan. Èmi ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Orúkọ ò gba sìmẹ́ńtì.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Faransé kó káàdì àwọn tó kú nínú ogun àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mémoire des hommes ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wọlé kó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀ lálẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dáa. Káàdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwé kékeré kan, akọ̀wé kan ti fi gègé kọ orúkọ, nọ́ńbà, ibi tó kú sí, ohun tó pa á. Níbi ọjọ́ ìbí ti àwọn tiwa, "vers" ni wọ́n máa ń kọ, nǹkan bí ọdún báyìí, wọn ò béèrè. Orúkọ wá jẹ́ àjálù pátápátá. Ẹni tó kọ ọ́ kọ ohun tí etí Faransé gbọ́: ẹ̀ẹ̀kan wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá, ẹ̀ẹ̀kan wọ́n gé orúkọ sí méjì, ohùn òkè ti lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ti lọ. Mo dà wọ́n kọ sínú káyé kan, àwọn tí mo rí tó jọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá, mo wà lórí ogójì ó lé kan báyìí. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan pé kí wọ́n bá mi fi wé ìwé tí wọ́n ní lọ́wọ́, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò ṣí i rárá, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà. Mo ṣì ń retí.

Ọmọ kan wà ní ilé kejì sí tiwa, sójà ni, àríwá ni wọ́n gbé e lọ, sí apá Àlíbórí. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹrin 2025, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn agbébọn pa sójà wa 54, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn ń ta àkàrà, ọjọ́ yẹn kò dá iná. Ó gbé fóònù sí àyà láti àárọ̀ títí ọmọ fi pè é ní bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú Ìdènà fún un, mo rò pé inú á bí i pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ ikú létí ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà lójú ogun. Kò bínú. Ó fi ṣíbí yí àkàrà padà, ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe é síbi tí mo máa wọ mọ́tò kí n tó dé o. Kó jẹ́ ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́." Láti ojú àdògán ẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìdènà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé káyé mi lọ bá ìyá kan ní ẹ̀yìn ọjà, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti lọ, etí ẹ̀ ló kù. Wọ́n ní òun ló mọ oríkì gbogbo ilé tó wà lápá ibẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan bí akọ̀wé yẹn ṣe kọ ọ́, ó ń mirí, kò mọ̀ wọ́n, èdè wo lò ń sọ, ó ní kí n tún un kà. A ti dé ìkẹtàdínlógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo wá gbìyànjú láti gbé ohùn sókè díẹ̀ níbi kan. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣa irú dúró. Ó pe orúkọ yẹn padà fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, gbogbo ohùn pé sí i lára. Mi ò ní kọ ọ́ síbí títí màá fi rí àwọn ará ilé wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ oríkì, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, kò yára, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójúde dákẹ́.

Ìgbà tó parí, ó yíjú sápá ibi tí ohùn mi ti ń bọ̀, ó ní, "Wọ́n kọ ibi tó wà síbẹ̀?"

Mo ní wọ́n kọ ọ́, Ìyá.

Ó ní, "Kà á fún mi."